Pàṣán Orí Àjà: Ìwà Ipá àti Àyípadà Àwùjọ nínú Ìwé Alejo Carpentier lórí Ìṣọ̀tẹ̀ Háítì

Ìfáárà

Nínú àwọn ìwé ìtàn-àròsọ tí ó dá lórí bí àwọn ẹrú ṣe fi ọwọ́ ara wọn gba òmìnira, díẹ̀ ni ó lókìkí tó El reino de este mundo, èyí tí Alejo Carpentier, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Kúbà, kọ ní èdè Sípáníìṣì, tí ó sì jáde ní 1949. Ìtumọ̀ orúkọ ìwé náà ni "Ìjọba Ayé Yìí". Ìwé kékeré ni. Ẹni tí ó bá jókòó tì í lè kà á tán láàárín ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Ìtàn nǹkan bí àádọ́rin ọdún ni òǹkọ̀wé ká jọ sínú ìwé pẹlẹbẹ náà, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí òyìnbó Faransé ń jayé lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹrú ní Saint-Domingue, títí di ẹ̀yìn ìgbà tí Ọba Henri Christophe ti Háítì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Èrò kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ń ka ìwé yìí. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò ju pé asán ni ìṣọ̀tẹ̀: òyìnbó lọ, ọba dúdú dé; ọba dúdú lọ, àwọn mìíràn dé; tálákà ṣì ń ru òkúta gun òkè. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi òwe tì í lẹ́yìn, wọn a ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó. Òwe náà bá ìwé náà mu dáadáa. Bí ó ti wù kí ó rí, ìtúmọ̀ tí wọ́n fún un kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Òwe náà sọ nípa pàṣán, ó sì sọ nípa àjà. Ẹni tí ó bá ń ṣe àtúpalẹ̀ ìwé Carpentier gbọ́dọ̀ béèrè nǹkan méjì: ta ni ó mú pàṣán lọ́wọ́, àti pé kí ni ó gbé pàṣán náà ró lókè tí kò fi bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó ni ín ti kú? Carpentier dáhùn ìbéèrè kìíní lọ́nà tí kò lẹ́gbẹ́. Ìbéèrè kejì ni ó fi sílẹ̀ ní àbọ̀.

Ìtàn tí ó bí ìwé náà

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní ìwé yìí kò lè ṣe é láìmọ ìtàn, nítorí pé òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún àti ọjọ́ pamọ́. Saint-Domingue ni ìpín ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Hispaniola, Faransé ni ó sì ń ṣàkóso rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 1789, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ẹrú ni ó wà níbẹ̀, nígbà tí àwọn òyìnbó kò tó ọ̀kẹ́ méjì. Ìrèké àti kọfí ni àwọn ẹrú wọ̀nyí ń gbìn, kò sì sí ilẹ̀ àmúsìn mìíràn tí ń mówó wọlé fún Faransé tó o. Òfin tí ọba Faransé ṣe ní 1685, tí wọ́n ń pè ní Code Noir, ni ó ń darí ìgbésí ayé wọn. Òfin náà ní kí a gé etí ẹrú tí ó bá sá fún oṣù kan, kí a sì fi irin gbígbóná sàmì sí i lára. Bí ó bá sá lẹ́ẹ̀kejì, kí a gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí a pa á.

Ní oṣù kìíní ọdún 1758, wọ́n dáná sun Mackandal, olórí àwọn ẹrú tí ó sá lọ sí igbó, ní gbangba ìlú Cap-Français. Ní oṣù kẹjọ 1791, àwọn ẹrú kó ara wọn jọ ní igbó tí à ń pè ní Bois Caïman, Boukman sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn oko ìrèké ìhà àríwá ti ń jóná. Ìjọba Faransé fọwọ́ sí òpin oko ẹrú ní 1794. Toussaint Louverture gba àkóso ilẹ̀ náà, ó sì ṣe ìwé òfin fún un ní 1801. Ọ̀gágun Leclerc, ọkọ Pauline àbúrò Napoléon, kó ọmọ-ogun rẹpẹtẹ tí Napoléon rán dé ibẹ̀ ní 1802. Wọ́n mú Toussaint, ó sì kú sí ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ Faransé ní 1803. Dessalines ni ó parí ogun náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1804, ilẹ̀ náà di òmìnira, wọ́n sì pè é ní Háítì. Wọ́n pa Dessalines ní 1806. Christophe jọba ní ìhà àríwá láti 1811 títí ó fi pa ara rẹ̀ ní 1820.

Carpentier dé Háítì ní 1943, ó sì fi ojú rí àwókù ààfin Sans-Souci àti odi La Ferrière lórí òkè. Ìrìn àjò yìí ni ó bí ìwé náà. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀, ó ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun ìyanu wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́, nítorí pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ gbà á gbọ́. Èrò yìí ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ó darí ojú tí òǹkọ̀wé fi wo ìwà ipá.

Ojú tí ìtàn náà ń wò

Apá mẹ́rin ni ìwé náà ní. Ẹ̀dá-ìtàn kan ni ó sì so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: Ti Noel, ẹrú ọ̀gbẹ́ni Lenormand de Mézy. Ti Noel kì í ṣe olórí ogun, kì í ṣe abọrẹ̀, kò sì jọba rí. Ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu Mackandal, ó wà nínú igbó pẹ̀lú Boukman, ó ru bíríkì fún Christophe, ó sì di arúgbó lábẹ́ àwọn tí ó jẹ tẹ̀lé Christophe. Ọgbọ́n ìsọ̀tàn yìí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nínú eré onítàn Rẹ́rẹ́ Rún tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ (1973). Níbẹ̀, olórí òṣìṣẹ́, Láwúwo, ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Nígbà tí ìṣubú bá a, ìjà òṣìṣẹ́ náà dojú rú. Nínú ìwé Carpentier, olórí ń kú, olórí ń yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń tẹ̀lé olórí ni ìtàn náà kò fi sílẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n tí òǹkọ̀wé fi ń wọn àyípadà àwùjọ hàn gbangba: kí ni ó yí padà lára Ti Noel? Àmì irin gbígbóná tí ó wà lára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ tí pàṣán ti là ńkọ́? Oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ̀n yìí dára, nítorí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn àwọn aláṣẹ tan òǹkàwé jẹ.

Ìwà ipá tí òfin gbè lẹ́yìn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Ti Noel ń dúró de olówó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onígbàjámọ̀. Ó rí orí mẹ́rin tí wọ́n fi ìda mọ, tí wọ́n dé irun àtọwọ́dá sí, nínú fèrèsé ìsọ̀ náà. Ní ìsọ̀ tí ó tẹ̀lé e, orí ọmọ màlúù ni wọ́n tò kalẹ̀ fún títà. Ti Noel fi orí wé orí, ẹ̀rín sì pa á. Òǹkọ̀wé kò ṣàlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n àrokò náà kò ṣòro láti tú. Ní àwùjọ tí wọ́n ti ń ta ènìyàn bí ẹran, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tí wọ́n tà yóò wo orí ẹni tí ó rà á bí ẹran pẹ̀lú. Ẹ̀rù ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní 1791 ti wà nínú ẹ̀rín tí ẹrú kan rín láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn èyí ni ìtàn apá Mackandal. Ẹ̀rọ tí ń fún ìrèké gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì lọ̀ ọ́ mọ́ ìrèké. Wọ́n sì pọ́n àdá láti gé apá náà kúrò. Bí òǹkọ̀wé ṣe sọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí yẹ fún àfiyèsí. Kò pariwo, kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ bí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni lóòótọ́. Ìwà ipá àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ni èyí, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ìwà ipá láàárín àwọn aláṣẹ. Iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwà ipá inú ìwé yìí láti orí iná 1791 ti fo ojú ìwé tí ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀rọ náà ni ó kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Májèlé àti iná

Nígbà tí Mackandal kò wúlò nídìí ẹ̀rọ mọ́, wọ́n ní kí ó máa da ẹran. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ewé, egbò àti olú. Ó rí èyí tí ń pani, ó sá lọ sí igbó, májèlé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú oko kan dé èkejì. Màlúù ń kú, ajá ń kú, lẹ́yìn náà àwọn onílé ń kú, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Carpentier kò fi èyí pamọ́. Kò sọ Mackandal di áńgẹ́lì. Ìyà tí ó jẹ ẹrú kò sọ ikú ọmọ kékeré di ohun tí kò tó nǹkan.

Ibi tí iṣẹ́ ọnà ìwé náà ga jù ni ìgbà tí wọ́n fẹ́ dáná sun Mackandal. Wọ́n kó àwọn ẹrú jọ kí wọ́n lè fojú rí i, kí ẹ̀rù sì bà wọ́n. Okùn tú, Mackandal fò sókè nínú iná, àwọn ẹrú sì hó yèè pé ó ti bọ́. Nínú rúkèrúdò náà, àwọn ọmọ-ogun mú un, wọ́n sì ti orí rẹ̀ bọ iná padà; ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó rí i. Àwọn ẹrú padà sí oko pẹ̀lú ẹ̀rín, nítorí wọ́n gbà pé Mackandal ti mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Lenormand de Mézy ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú kò mọ ìbànújẹ́ ẹnì kejì rẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ méjì. Ìjọba pa ara, ó sì rò pé òun ti parí ọ̀rọ̀. Àwọn ẹrú kò rí ikú, nítorí náà ìjìyà gbangba tí wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà wọ́n di ohun tí ó fún wọn lágbára. Ẹ̀kọ́ ìṣèlú tí ó wà níbẹ̀ jinlẹ̀ púpọ̀: ìwà ipá ìjọba kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹni tí kò bá gba ìtumọ̀ tí ìjọba fún un. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò tan ẹnikẹ́ni: ó jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé Mackandal jóná. Ìgbàgbọ́ àti òtítọ́ jọ wà nínú ìpínrọ̀ kan náà, kò sì fi èkíní pa èkejì.

Nígbà tí ó di 1791, ìwo òkun dún láti oko dé oko, iná sì sọ. Níhìn-ín pẹ̀lú, òǹkọ̀wé kò fọ ọwọ́ àwọn akọni rẹ̀ mọ́. Ti Noel fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó wọ ilé olówó rẹ̀. Èrò tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́ ni láti fi ipá bá Floridor, obìnrin òyìnbó tí ó ń gbé inú ilé náà, lò pọ̀, ó sì ṣe é. Wọ́n sì bá obìnrin náà ní òkú. Àwọn olùkọ́ kan máa ń fo ibí yìí nítorí ìtìjú. Kò yẹ kí wọ́n fò ó. Bí Ti Noel bá jẹ́ ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìṣọ̀tẹ̀ náà, ìwọ̀n náà gbọ́dọ̀ lè gbé ẹ̀ṣẹ̀ Ti Noel pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà kì í di ẹni mímọ́ nítorí ìyà tí ó jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sọ oko ẹrú di ohun tí ó tọ́. Èrò méjèèjì yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú dání papọ̀.

Ògún ní òkè òkun

Òǹkàwé tí ó jẹ́ Yorùbá yóò rí ohun tí ó mọ̀ nínú ìwé yìí. Nàgó, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá ní Saint-Domingue, wà lára àwọn ìjọba Áfíríkà tí Mackandal ń ròyìn fún Ti Noel nídìí iṣẹ́, pẹ̀lú Pópó, Àràdà àti Fúlàní. Ní Bois Caïman, Ògún ni wọ́n ké pè jù, pẹ̀lú oríṣiríṣi orúkọ àti oyè, tí ó fi jẹ́ pé wọ́n so orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Ṣàngó àti ti Ọbàtálá, wọ́n sì tún pè é ní Ògún Badagry. Títí di òní, nínú ẹ̀sìn Vodou ilẹ̀ Háítì, Ògún ni olórí ìdílé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Nago.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra níbi yìí. Kò tọ̀nà láti kọ ọ́ pé àwọn Yorùbá ni ó ja ogun Háítì. Àwọn ará Kóńgò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kó dé ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹ̀yà púpọ̀ ni ó sì jọ dá májẹ̀mú náà. Ohun tí ó tọ́ láti sọ ni pé Ògún tí ó wà nínú ìwé yìí ti yí padà. Ní ilé, Ògún ni alágbẹ̀dẹ, àgbẹ̀, ọdẹ àti jagunjagun. Ní oko ìrèké, irin di ẹ̀wọ̀n, ó di ẹ̀rọ tí ń lọ apá, ó di irin gbígbóná tí a fi ń sàmì sí ara. Nígbà tí àwọn ẹrú ké pe Ògún, oní-irin ni wọ́n bẹ̀ kí ó gba irin lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó fún wọn. Àdá tí ó ti gé ìrèké, tí ó ti gé apá Mackandal, ni wọ́n gbé dìde ní 1791. Àjọṣe irin, iṣẹ́ àti ogun yìí jẹ́ ohun tí òǹkàwé Yorùbá lè rí kíákíá, tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé mìíràn lè fò kọjá.

Odi orí òkè

Ní apá kẹta, Ti Noel ti darúgbó. Olówó rẹ̀ ti gbé e sá lọ sí Kúbà, ó ti fi í ta tẹ́tẹ́, Ti Noel sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi rí owó ọkọ̀ padà sílé. Ilẹ̀ tí kò ti sí ẹrú mọ́ ni ó rò pé òun ń lọ. Ó rí ààfin Sans-Souci: òjíṣẹ́ ọba dúdú, ọmọ-ogun dúdú, ìyáàfin dúdú nínú aṣọ olówó iyebíye. Inú rẹ̀ kò tíì dùn tán tí wọ́n fi lù ú, tí wọ́n sì ní kí ó gbé bíríkì kí ó máa gun òkè lọ. Odi La Ferrière ni wọ́n ń mọ. Ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù ni wọ́n ń pò mọ́ ohun tí wọ́n fi ń mọ ògiri, kí odi náà lè le. Ọmọdé, aboyún, arúgbó, gbogbo wọn ni ó ń rù. Ti Noel rò ó pé ìyà yìí burú ju ti àtijọ́ lọ, nítorí ẹni tí ó jọ ọ́ ni ó ń nà án, bí ìgbà tí ọmọ bá dìde sí òbí rẹ̀ nínú ilé.

Christophe tí ó ń ṣe èyí ti jẹ́ alásè ní ilé ìtura nígbà kan. Òǹkọ̀wé fi ìṣubú rẹ̀ hàn pẹ̀lú ọgbọ́n ńlá. Ìlù tí ó ti kọ etí ikún sí nítorí àṣà Yúróòpù ni ó yí i ká ní alẹ́ ọjọ́ ikú rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin sá, ọba dá wà, ó sì yìnbọn pa ara rẹ̀. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sórí òkè, wọ́n sì rì í sínú àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń mọ odi náà. Ẹni tí ó fi ẹ̀jẹ̀ mọ odi di ara ògiri odi náà.

Lẹ́yìn Christophe ni àwọn awọnlẹ̀ dé, tí wọ́n ń fi okùn wọn oko, tí àwọn aláṣẹ ìjọba olómìnira, ọmọ tí òyìnbó bí mọ́ aláwọ̀ dúdú, sì tún ń fi tipá kó àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Ti Noel, tí ó wọ ẹ̀wù ọba tí ó rí kó nínú ìkógun Sans-Souci, gbìyànjú láti bọ́ lọ́wọ́ ayé ènìyàn. Ó di ẹyẹ, ó di ẹṣin, ó di agbọ́n, ó di èèrà. Nígbà tí ó di ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tí ó jọ pẹ́pẹ́yẹ, agbo ẹyẹ náà kọ̀ ọ́, nítorí wọn kò mọ ìdílé rẹ̀. Ibẹ̀ ni òye ti yé e. Mackandal para dà kí ó lè sin àwọn ènìyàn rẹ̀. Òun para dà kí ó lè sá fún wọn. Ó wá mọ̀ pé iyì ènìyàn wà nínú iṣẹ́ tí ó gbé lé ara rẹ̀ lọ́wọ́ láti tún ayé yìí ṣe, àti pé kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀run. Ó kéde ogun sí àwọn aláṣẹ tuntun, ìjì dé, a kò sì rí i mọ́. Gúnnugún kan ṣoṣo ni ó kù, tí ó sì fò lọ sí ọ̀nà Bois Caïman.

Ìparí yìí ni ó tako àwọn tí ó ní ìwé náà kọ́ni pé asán ni ìṣọ̀tẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé asán ni, kò ní kéde ogun ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní ti gúnnugún, Yorùbá gbà pé ẹbọ tí igún kò bá jẹ kò dà. A kò lè sọ pé ohun tí Carpentier ní lọ́kàn nìyí, ṣùgbọ́n òǹkàwé Yorùbá ní ẹ̀tọ́ láti rí i pé ìwé náà parí ní ojúbọ tí ìṣọ̀tẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹyẹ tí ń mú ẹbọ dé ibi tí ó yẹ.

Ibi tí ìwé náà kù sí

Pẹ̀lú gbogbo ẹwà wọ̀nyí, àléébù ńlá kan wà nínú ìwé náà. Láàárín apá kejì àti ẹ̀kẹta, òǹkọ̀wé gbé Ti Noel lọ sí Kúbà, nígbà tí ó sì padà, ogun ti parí. Toussaint Louverture, ẹni tí ó kó àwọn ẹrú jọ di ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí ó ṣẹ́gun àwọn ọmọ-ogun Yúróòpù, kò di ẹ̀dá-ìtàn nínú ìwé náà. Dessalines, ńṣe ni wọ́n kàn fẹnu bà á. Pípa tí Dessalines ní kí wọ́n pa àwọn òyìnbó Faransé tí ó ṣẹ́ kù ní 1804 kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè ńlá ni ó jẹ́ fún ẹni tí ó bá ń kọ̀wé lórí ìwà ipá nínú ìṣọ̀tẹ̀. Dípò wọn, òǹkọ̀wé fi ojú ìwé púpọ̀ sílẹ̀ fún Pauline Bonaparte àti ẹrú tí ń fi òróró pa á lára.

Àlàfo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nítorí pé òǹkàwé kò rí ogun ọdún 1802 sí 1803, kò rí bí àwọn ènìyàn lásán ṣe fi ara wọn jìn. Ohun tí ó rí ni ìyà òyìnbó ní apá kan, àti ìyà ọba dúdú ní apá kejì. Ó wá rọrùn láti rò pé ìyà kan náà ni ó ń yí po, bí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó tún fi àjà pamọ́. Nínú ìwé náà, ìgbéraga Christophe ni ó dá pàṣán padà. Ìtàn fi hàn pé ó ti padà kí Christophe tó jọba. Ní 1800, Toussaint fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn tí ó ti jẹ́ ẹrú máa ṣiṣẹ́ nínú oko ńláńlá lábẹ́ àkóso ológun, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀. Dessalines kò tú àṣẹ náà ká. Ìdí rẹ̀ hàn: ìrèké àti kọfí ni wọ́n fi ń ra ìbọn àti ẹ̀tù, Faransé sì lè padà nígbàkúgbà. Àwọn tí ó gba òmìnira, ní tiwọn, kò fẹ́ oko ńlá mọ́. Ilẹ̀ kékeré tí olúkúlùkù yóò fi bọ́ ìdílé rẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Ìjà láàárín oko ńlá àti ilẹ̀ kékeré yìí ni àyípadà àwùjọ gidi tí ó ṣẹlẹ̀ ní Háítì, ìdílé àgbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ sì rí ilẹ̀ náà gbà níkẹyìn. Carpentier fi okùn àwọn awọnlẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kò fi ilẹ̀ tí àgbẹ̀ rí gbà hàn. Nítorí náà ni Ti Noel ṣe dà bí ẹni tí kò jèrè ohunkóhun nínú ìjà tí ó jà.

Bákan náà ni kò ṣe sọ pé Christophe kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì ránṣẹ́ pe olùkọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aimé Césaire, nínú eré onítàn rẹ̀ La Tragédie du roi Christophe (1963), fún ọba náà ní ẹnu láti ro ẹjọ́ ara rẹ̀. A lè kọ ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ. Nínú ìwé Carpentier, odi nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú kò ní ohùn tí ó tó. Màmá Loi, tí ó mọ ewé, àti abọrẹ̀ obìnrin tí ó wà ní Bois Caïman kàn kọjá bí òjìji, bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin ni ó ru èyí tí ó wúwo jù nínú ẹrù oko ìrèké.

Ìjọba Faransé ní 1825 fi ọkọ̀ ogun halẹ̀ mọ́ Háítì pé kí ó san 150 mílíọ̀nù owó fírányìn fún àwọn tí ó ti ni ẹrú tẹ́lẹ̀. Wọ́n dín in kù sí 90 mílíọ̀nù ní 1838. Ìtàn Ti Noel parí láìmẹ́nu kan èyí, a kò sì lè dá òǹkọ̀wé lẹ́bi fún un. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí olùkọ́ dákẹ́ lé e lórí, nítorí ó fi hàn pé ìwà ipá lè wọ aṣọ gbèsè, kí ó sì mú ìwé àdéhùn dání dípò pàṣán.

Ìkádìí

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè ìdánwò lórí ìwé yìí gbọ́dọ̀ ya oríṣìí ìwà ipá mẹ́ta sọ́tọ̀: èyí tí òfin àti ẹ̀rọ ń ṣe lójoojúmọ́, èyí tí ẹni tí a ń jẹ níyà fi dáhùn, àti èyí tí ìjọba tuntun gbé dìde ní orúkọ òmìnira. Bí ó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, yóò sọ pé ènìyàn burú, ọ̀rọ̀ sì tán. Bí ó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, yóò lè béèrè ohun tí ó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí ó lè fi òpin sí i.

Carpentier kọ ìwé tí ó mọ ìyà dunjú, tí kò sì fi ẹ̀ṣẹ̀ akọni pamọ́. Agbára rẹ̀ nìyẹn. Ó rí i pé ìbí kò ju ìbí, bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ, ó sì rí i pé ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú lè gbàgbé òwe náà ní ọjọ́ tí ó bá gun orí ìtẹ́. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ láti fi kún un ni ìtàn ilé tí àjà náà wà nínú rẹ̀: oko ìrèké, ọjà àgbáyé, ìbọn tí a gbọ́dọ̀ rà, àti ilẹ̀ kékeré tí àgbẹ̀ ń fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ilé náà bá dúró bí ó ti wà, ẹni tí ó bá wọlé yóò na ọwọ́ sókè, yóò sì bá pàṣán níbẹ̀. Ti Noel mọ èyí ní ìgbẹ̀yìn ọjọ́ rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí kò fi sinmi nígbà tí àwọn ọ̀gá tuntun dé.